Ìdànrè àti àwọn ìlú abẹ́ òkè: ìbéèrè tí àlejò sábà máa ń béèrè

Ẹni tó fẹ́ lo ọjọ́ kan lórí òkè la kọ èyí fún, àti ẹni tó ń rò ó bóyá òun lè gbé ìlú tí àpáta yí ká. Ìdànrè la fi ṣe pàtàkì ọ̀rọ̀ wa, torí níbẹ̀, ìlú àtijọ́ ṣì wà lórí òkè, ìlú tuntun sì wà nísàlẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé òkè yìí lóni. Ilé àwọn baba ńlá èèyàn ni, sàréè àwọn ọba wà níbẹ̀, àwọn tó ni ín sì ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá mọ èyí á gbádùn ìrìn náà ju ẹni tó wá ya fọ́tò nìkan lọ.

Níbo ni Ìdànrè wà, ọ̀nà wo la sì ń gbà débẹ̀?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́; ó fi díẹ̀ lé ní 20 kìlómítà sí ibẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó lè gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà wọ Àkúrẹ́, ó sì lè gba Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó. Pápákọ̀ òfurufú wà ní Àkúrẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fò. Láti Àkúrẹ́, ọkọ̀ èrò ló ń lọ sí Ìdànrè, wọn kì í sì í gbéra títí ọkọ̀ yóò fi kún. Tí ẹ bá ń kánjú, ẹ san owó àyè tó kù, kí ọkọ̀ gbéra.

Ohun kan máa ń ṣi àlejò lọ́nà. Ìdànrè kì í ṣe ojú kan. Aládé wà, Odòde sì wà. Odòde ni àtẹ̀gùn òkè wà. Ẹ sọ fún awakọ̀ pé Odòde lẹ ń lọ, kí ó má já yín sílẹ̀ sí Aládé kí ẹ tún wá máa wá ọ̀kadà.

Ọkọ̀ tó ń padà sí Àkúrẹ́ máa ń dín kù bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Tí ẹ kò bá ní í sùn síbẹ̀, ẹ rí i pé ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Ṣé òótọ́ ni pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta? Báwo ló ṣe le tó?

Òótọ́ ni, ó lé ní 600. Iye tí oníkálukú ń kà kì í dọ́gba, nítorí àwọn kan ń ka pèpéle tó wà láàárín àtẹ̀gùn mọ́ ọn, àwọn kan kì í kà á. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibùdó ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà.

Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó sì máa ń rìn dáadáa, á lò tó ìṣẹ́jú 40 sí wákàtí kan kí ó tó dókè. Ohun tó ń tètè dá àwọn ọ̀dọ́ lágara ni eré tí wọ́n ń sá ní ìpele àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá dé ibùdó ìsinmi kejì, mímí wọn á ti gbé sókè, ojú á máa yí wọn, wọ́n á sì jókòó títí ara wọn á fi tutù tí iṣan ẹsẹ̀ á fi dì. Ẹ máa rìn débi tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ já geere láìdúró mí. Tí ọ̀rọ̀ bá ti ń já mọ́ yín lẹ́nu, ẹ̀ ń sáré jù nìyẹn. Ẹ sinmi ní ibùdó kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń da orúnkún láàmú, kì í ṣe ìgòkè. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn, kì í ṣe ìka ẹsẹ̀ nìkan, kí ọwọ́ kan sì wà lára irin. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣubú níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ni, nítorí ó ti rẹ̀ wọ́n, ojú wọn sì wà lára fóònù.

Òpin àtẹ̀gùn kọ́ ni òpin ìrìn o. Láti ibẹ̀ dé ìlú àtijọ́, ilẹ̀ gbágungbàgun àti ojú àpáta lẹ ó tún máa rìn. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún gbogbo rẹ̀, àlọ àti àbọ̀.

Ta ni kò yẹ kó gùn ún?

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò tíì wálẹ̀, ẹni tí àyà ń dùn, aboyún tí oyún rẹ̀ ti tóbi, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ẹni tó ní ikọ́ fée lè gùn ún tí ó bá mú ẹ̀rọ ìfàsímú rẹ̀ dání, tó sì lo oògùn rẹ̀ bí dókítà ṣe ní kó lò ó. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè gùn dé ibùdó ìsinmi kìíní tàbí ìkejì kó sì padà. Ojú á ti rí òrùlé ìlú nísàlẹ̀ láti ibẹ̀, ìyẹn náà kì í ṣe kékeré.

Oṣù wo ló dára jù?

Lójú tiwa, òpin oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kọkànlá. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ewé ṣì tutù, ojú ọ̀run mọ́, ẹ ó sì rí orí òkè kan lẹ́yìn òmíràn títí ojú fi mọ. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá, eruku á bo gbogbo rẹ̀. Ara á tù yín láti gùn ún, ṣùgbọ́n ojú kò ní í ríran jìnnà, fọ́tò yín á sì jáde bí ẹni ya èéfín. Oṣù kejì àti ìkẹta gbóná. Àpáta á ti yá kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ìgbà òjò rẹwà jù lójú, òun náà ló sì léwu jù. Àwọn ewé tín-ín-tín tó ń hù lójú àpáta máa ń ki bí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́. Ibi tí ẹ bá rí tó dúdú lójú àpáta, tí ó dà bíi pé omi ṣàn kọjá níbẹ̀, ibi yíyọ̀ nìyẹn. Ibi tó funfun tàbí tó rí hàràhàrà ni kí ẹ máa tẹ̀.

Oṣù yòówù kí ó jẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín aago méje sí mẹ́jọ òwúrọ̀.

Bí òjò bá ká wa mọ́ orí òkè ńkọ́?

Àrá ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Òjò fúnra rẹ̀ kò ní ju kí aṣọ tutù lọ. Ṣóńṣó òkè Ìdànrè ga tó nǹkan bí 900 mítà ju ìpele òkun lọ, ojú àpáta gbalasa ni, ohunkóhun tó bá sì dá dúró gíga níbẹ̀ ni mànàmáná máa ń wá. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, kódà kí ó jẹ́ lókèèrè, ẹ kúrò lójú gbangba. Ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ má di irin àtẹ̀gùn mú, ẹ má sì jókòó sí ẹnu ihò àpáta tí omi ń ṣàn kọjá níwájú rẹ̀. Ilé tó ní òrùlé àti ògiri mẹ́rin ló dára jù. Bí àrá ìkẹyìn bá ti sán, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó máa rìn.

Ẹ má sọdá odò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Àpáta kì í mu omi, nítorí náà gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ ló ń ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣíṣàn tó dé ọrùn ẹsẹ̀ yín nígbà tí ẹ ń lọ lè ti dé itan nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Bó ṣe ń tètè kún náà ló ń tètè fà. Ẹ ní sùúrù fún wákàtí kan.

Kí ni ká mú dání?

Omi ni àkọ́kọ́: lítà kan àbọ̀ sí méjì fún ẹnì kan, ìyẹn omi ọ̀rá mẹ́ta sí mẹ́rin. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ojú, tó sì di ẹsẹ̀ mú. Sálúbàtà àti sílípáàsì máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀. Fìlà tàbí gèlè fún oòrùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀pà fún ebi. Owó ní ọwọ́, kì í ṣe ti inú káàdì nìkan, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má bá POS ṣe. Ọ̀rá kan tí ẹ ó fi kó ìdọ̀tí yín sọ̀ kalẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń gun òkè lọ kó ọ̀rá omi tí àlejò jù sílẹ̀ lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé e wọ inú ilé àtijọ́.

Ṣé dandan ni ká mú afọ̀nàhanni?

Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ má wulẹ̀ ṣe àríyànjiyàn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ béèrè níbẹ̀ fún ẹni tó mọ orí òkè. Ẹ bá a ná owó rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ rí lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tí kò bá sọ ni wọ́n ń mú dé àfin nìkan tí wọ́n á fi ní ó parí. Ọ̀nà tó kọjá ìlú àtijọ́ kò ní àmì, igbó sì máa ń bò ó. Yàtọ̀ sí èyí, afọ̀nàhanni ló mọ ojúbọ tí a kì í yà sí àti ibi tí a kì í ya fọ́tò.

Kí ló wà lókè gan-an?

Ìlú odidi. Ẹ ó rí àfin àtijọ́ ti Ọwá, ìyẹn ọba Ìdànrè, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ àti àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí. Ẹ má kàn yára kọjá lára òpó wọ̀nyí. Ẹ wo ojú, irun àti ọwọ́ ère kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé agbẹ́gilére náà mọ ipò ẹni tó ń gbẹ́. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ àtijọ́ wà níbẹ̀, àti àhámọ́ tí wọ́n ń ti ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wò ó: lórí àpáta, kí ọ̀nà mọ́tò kankan tó dé agbègbè náà, àwọn ọmọ ti ń kọ́ a, b, d. Ibi tí wọ́n sin àwọn Ọwá sí náà wà. A kì í gun orí rẹ̀, a kì í jókòó lé e.

Kúrò ní ìlú, ẹ ó rí ẹsẹ̀ Agbóogun, ojú ẹsẹ̀ kan nínú àpáta. Ìgbàgbọ́ ìlú ni pé ó máa ń bá ẹsẹ̀ tèwe tàgbà mu, àti pé láyé àtijọ́ wọ́n ń fi dán àwọn tí wọ́n bá fura sí pé àjẹ́ ni wò. Omi Àpáàrá náà wà, àti àwọn àmì lójú àpáta tí ẹnì kankan kò tíì rí kà. Òkè Òròsùn, tó ga gogoro láàárín àwọn yòókù, kì í ṣe ibi tí àlejò ń gùn; òòṣà ìlú ló ni ín.

Nítorí gbogbo èyí ni wọ́n ṣe fi Òkè Ìdànrè sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà dárúkọ fún UNESCO ní 2007, kí wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò fún ogún àgbáyé. Ìdárúkọ nìyẹn o, kì í ṣe pé wọ́n ti gbà á wọlé.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé lókè, kí ló sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀?

Ogun ló gbé wọn gòkè. Ẹni tó bá wà lókè ń rí ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn, àpáta sì jẹ́ odi tí ẹnikẹ́ni kò lè wó. Omi wà lókè, ilẹ̀ tí wọ́n lè gbin nǹkan sí wà láàárín àwọn àpáta. Nígbà tí ogun parí, ohun tó jẹ́ ààbò wá di ìnira: kòkó ń so nísàlẹ̀, oníṣòwò ń dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n orí ni wọ́n fi ń ru gbogbo ẹrù gòkè. Ọdún 1923 ni a sábà máa ń kà sí ọdún tí ìṣípòdà sí ìsàlẹ̀ wáyé. Kì í ṣe gbogbo ilé ló kó lọ́jọ́ kan náà, àwọn ètùtù kan sì wà tí ìlú ṣì ń gòkè lọ ṣe.

Kí ló ń ba ilé àtijọ́ orí òkè jẹ́? Ṣé kò ṣeé tún ṣe ni?

Ó ṣeé tún ṣe dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn wá bí a bá rí ògiri tó wó. Ògiri amọ̀ lágbára ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ohun méjì péré ló ń bẹ̀ ẹ́: kí orí rẹ̀ gbẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ. Bí páànù kan bá ṣí, omi á máa kán sí orí ògiri, á wọ inú rẹ̀, amọ̀ á rọ̀, ògiri á sì là láti òkè wá sísàlẹ̀. Bí omi òrùlé bá ń já sí ìdí ògiri, tó sì ń ta ẹrẹ̀ sí i lára, ìdí á máa jẹ wọnú, títí tí òkè á fi wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ mọ́ ọn, á dà wó lẹ́ẹ̀kan náà. Ikán ń jẹ igi òrùlé láti inú, páànù á sì ti jìn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú àtúnṣe ni sìmẹ́ǹtì. Ó máa ń wu èèyàn láti fi rẹ́ ògiri amọ̀ kí ó lè dán. Ṣùgbọ́n amọ̀ ń mí, ó ń fa omi, ó sì ń tú u jáde. Sìmẹ́ǹtì kò jẹ́ kí omi jáde. Omi tó bá gba ojú là-là-là wọlé á há sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á di ẹrẹ̀ nínú, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà á ṣí pẹ́rẹ́-pẹ́rẹ́ pẹ̀lú amọ̀ lára rẹ̀. Amọ̀ ni kí a fi rẹ́ amọ̀, kí a pò ó mọ́ koríko gbígbẹ tí a gé kéékèèké kí ó má baà sán. Kí ìdí òrùlé yọ síta dáadáa, kí a la ojú àgbàrá tí yóò gbé omi jìnnà sí ìdí ògiri, kí a sì máa yẹ òrùlé wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún. Iṣẹ́ yìí kò gba owó ńlá. Ẹni tí yóò máa ṣe é láìfi ọdún kan sílẹ̀ ló ń wọ́n.

Ipa tiyín ni pé kí ẹ má fara ti ògiri, kí ẹ má kọ orúkọ sí i, kí ẹ má sì mú èérún òpó tàbí ìkòkò kankan lọ sílé.

Èèwọ̀ wo ló yẹ ká mọ̀? A lè wá nígbà ọdún ìbílẹ̀?

Ẹ lè wá nígbà ọdún, àlejò kì í pọ̀ jù nílùú Ìdànrè, ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra nílé. Ọdún ìbílẹ̀ máa ń tẹ̀lé bí ìlú ṣe ń ka ọjọ́, ọjọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó sì lè ní àsìkò tí a kì í jẹ́ kí àlejò tàbí obìnrin rìn ní ibi kan. Ẹ má rò pé wọ́n ń ṣeré bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró.

Bí ẹ bá pàdé àgbà lójú ọ̀nà, ẹ kí i kí ẹ tó béèrè ọ̀nà. Bàbá ni, ìyá ni, tàbí ẹ̀gbọ́n. A kì í fi "hẹ́ẹ̀lo" pe ẹni tó ru igi. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ fi dúróònù yàwòrán, kí ó gbàṣẹ ní ìsàlẹ̀ kí ó tó gbé e gòkè. Bí ẹ bá láǹfààní láti wọ àfin Kábíyèsí nísàlẹ̀, ẹ bọ́ fìlà, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìjòyè tó mú yín wọlé bá yín sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ṣé ẹranko wà níbẹ̀ tó lè ṣe wá ní jàǹbá?

Gara, ẹranko kékeré tó dà bí ehoro, ni ẹ lè rí lójú àpáta láàárọ̀, ó ń yáàrùn; kì í ṣe èèyàn ní nǹkankan. Ejò wà, ó sì fẹ́ràn abẹ́ òkúta àti koríko gíga, nítorí náà ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò tí ojú yín kò tó.

Àdán ni kí ẹ fiyè sí jù. Wọ́n pọ̀ nínú ihò àpáta, wọ́n sì lè gbé kòkòrò àrùn tó bá ti dìgbòlugi tan. Ẹ má wọ inú ihò náà, ẹ má sì gbá òkú àdán mú. Bí àdán bá gé ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó họ ọ́ lára, bó ti wù kí ojú ọgbẹ́ kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má dúró kí àìsàn kọ́kọ́ hàn. Bó bá ti hàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

A gbọ́ pé kòkó pọ̀ níbẹ̀. A lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìdànrè wà lára àwọn ibi tí kòkó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ lè rí i, pàápàá láàárín oṣù kẹwàá sí ìkejìlá. Ẹ bẹ àgbẹ̀ kan kí ó mú yín lọ, kí ẹ sì san nǹkan fún àkókò rẹ̀.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Èso tó bá ti pọ́n ni wọ́n ń gé, wọn kì í fà á ya, torí ojú ibi tó ti so lára igi náà ló tún máa so ní ọdún tó ń bọ̀. Kùmọ̀ igi ló dára láti fi fọ́ ọ. Àdá lè gé hóró inú rẹ̀, hóró tó bá sì ti gé á bu. Wọ́n á kó hóró pẹ̀lú omi funfun ara rẹ̀ sínú agbọ̀n tí wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, wọ́n á fi ewé bò ó, á máa gbóná, omi á máa ṣàn jáde. Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì méjì. Ẹni tó bá kánjú gbé e sá lọ́jọ́ kejì, inú kòkó rẹ̀ á ṣì ní àwọ̀ eérú tàbí ti àlùkò, kò ní í ní òórùn ṣokoléètì rárá. Lẹ́yìn náà ni sísá sínú oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ó gbẹ débi tí yóò fi máa dún pa-pa-pa bí ẹ bá fún un lọ́wọ́. Ẹni tó fi iná igi gbẹ ẹ́ nígbà òjò, èéfín á wọ̀ ọ́, oníbàárà á sì dín owó rẹ̀.

Ẹ ó rí èso tó dúdú lára igi nígbà òjò. Àrùn ni, òtútù àti ibòji tó pọ̀ jù ló ń mú un. Àgbẹ̀ á gé àwọn èso náà sọnù kúrò lóko, á gé ẹ̀ka kí atẹ́gùn lè wọlé, á sì fín oògùn tó ní bàbà nínú.

Ẹ lá omi dídùn ara hóró, ẹ má jẹ hóró tútù náà. Ẹ má sì tẹ kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ títì. Owó ilé ìwé ọmọ ẹnìkan ni.

Báwo ni gbígbé ìsàlẹ̀ òkè ṣe rí?

Ó dákẹ́ ju Àkúrẹ́ lọ, oúnjẹ oko sì súnmọ́ni. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé ibẹ̀ á máa tutù nítorí òkè. Òwúrọ̀ máa ń tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé tó súnmọ́ àpáta máa ń gbóná lálẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí gbogbo oòrùn tí àpáta gbà láti àárọ̀ ló ń tú jáde lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yá ilé, ẹ lọ wò ó ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ fọwọ́ kan ògiri rẹ̀.

Ẹ tún lọ wò ó lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Ẹ wo ibi tí omi àpáta ń gbà, ẹ wo ojú ẹrẹ̀ lára ògiri àwọn aládùúgbò: ibi tó ga dé ni omi ń dé. Ilé tó wà lójú ìṣàn kò ṣeé fi ẹ̀bẹ̀ gbé.

Omi kànga jẹ́ ọ̀rọ̀ míràn. Òkúta tó ti wà láti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún ló wà lábẹ́ ìlú, kò sì ní omi àfi níbi tó bá ti jẹrà di erùpẹ̀ tàbí tó ti sán. Ìdí nìyí tí kànga ẹ̀rọ fi lè ya omi ní ọgbà kan tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gbẹ. Ẹ má gbẹ́ ẹ láìjẹ́ pé onímọ̀ ilẹ̀ ti fi ẹ̀rọ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, kí ẹ sì ṣe ọ̀pá tí yóò gba omi òjò láti orí òrùlé sínú táǹkì.

Ibo la máa sùn, kí la máa jẹ?

Ilé ìgbàlejò kéékèèké wà ní Ìdànrè. Ẹni tó bá fẹ́ iná tó dúró dáadáa á sùn sí Àkúrẹ́. Ní ti oúnjẹ, iyán pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń fúnni. Ẹ jẹun kí ẹ tó gùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe iyán. Iyán wà fún ìgbà tí ẹ bá sọ̀.

Ìlú òkè mìíràn wo la lè fi kún un?

Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó súnmọ́ Ìsẹ́yìn. Ìlú náà wà nísàlẹ̀, adágún omi Ìyákè sì wà lórí òkè. A kì í wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó tún rí òkúta Ìṣagẹ̀ tó dúró lórí àpáta bí ẹni pé yóò yí.

Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibi tí ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti jà sí. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886. Bí ẹ bá dúró lórí àwọn òkè tó wà láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìgbájọ àti Òkè-Ìmẹ̀sí, ẹ ó rí ìdí tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìlè ṣẹ́gun ara wọn: oníkálukú ló ní òkè tirẹ̀.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ìkógòsì àti Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ súnmọ́ ara wọn ní Èkìtì, ọjọ́ méjì tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó pàdé. Ní Ìpólé, omi Arinta ń dà láti orí àpáta. Òkè ló yí Ẹ̀fọ̀n ká, ilẹ̀ àwọn agbẹ́gilére sì ni. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń sọ̀ ní ìpele méje, kò jìnnà sí ibẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ rọrùn fún ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn ti òkè yọ̀, ẹ má mú ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá kọjá ìkejì.

A fẹ́ kó ọmọ ilé ìwé lọ sí Ìdànrè. Báwo ni ká ṣe tò ó?

Olùkọ́ kan fún ọmọ mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹgbẹ́ kan gbéra ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn èkejì, kí àtẹ̀gùn má baà dí. Kí olùkọ́ kan ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́, kí òmíràn kẹ́yìn wọn, kí ẹni ẹ̀yìn náà má sì kọjá ẹnikẹ́ni. Ẹ ka orí wọn ní ibùdó ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba ìwé àṣẹ òbí pẹ̀lú orúkọ àìsàn tí ọmọ bá ní àti nọ́ńbà fóònù. Kí àpótí ìtọ́jú ní báńdéèjì, oògùn ìfọgbẹ́, ṣúgà àti iyọ̀ fún ẹni tí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, kí ọkọ̀ kan sì dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀ nínú rẹ̀ títí ọmọ ìkẹyìn á fi sọ̀. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìsàlẹ̀ òkè ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n lè fún yín ní afọ̀nàhanni tó pọ̀ tó.